Ẹ Fi Ẹrù Mi Sílẹ̀: Bí Mo Ṣe Gun Òkè Mambílà

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bóyá ó rẹ̀ mí, ó rẹ̀ mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá màá tún lọ, màá tún lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń béèrè ohun tí opó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ń wá lórí òkè tí kò ti ní ìbátan kankan, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

Ilé mi ní Bódìjà ló fà á. Láti ìgbà tí bàbá Gbénga ti kú ni mo ti ń dá gbé ibẹ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo mọ ibi tó ń jò nínú òrùlé, mo mọ fèrèsé tí kì í pa dé tán, kò sì sẹ́ni tó ń bá mi du rédíò. Gbénga ni kò tẹ́ lọ́rùn. Òun ni àkọ́bí mi. Akobo ló ń gbé, ó sì ti kun yàrá kan nísàlẹ̀ ilé rẹ̀ dè mí, ní àwọ̀ tí mi ò yàn. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́: "Mọ́mì, ẹ ò lè máa dá gbé. Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́?" Mo ní bí mo bá ṣubú, màá dìde.

Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ kan tó máa ń gun òkè lọ sí Mambílà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, òun náà ṣíwọ́.

"Ó dáa, Mọ́mì. Mo gbọ́ pé oníkálukú ló ń gbé ẹrù rẹ̀ lórí òkè yẹn. Bí ẹ bá gbé ẹrù yín lọ, tí ẹ sì gbé e bọ̀, mi ò ní dárúkọ Akobo sí yín létí mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bá yín gbé e, ẹ ó kó wá sọ́dọ̀ wa."

Mo ní mo gbà. Ilé mi ni mo fi ta tẹ́tẹ́ yẹn, ẹ̀rù ò sì bà mí.

Iṣẹ́ méjì

Kọ́lá ni olórí àwọn ọ̀dọ́ náà. Ní Ring Road ló ti ń tọ́jú àwọn tí eegun àti iṣan ń dùn, nítorí náà ó máa ń wo orúnkún èèyàn kó tó wo ojú rẹ̀. Ó wá yẹ ẹrù mi wò nílé, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ pálọ̀ bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń ṣe ní bọ́dà.

Ẹ̀bi ẹrù náà kì í ṣe tèmi nìkan. Àwa Yorùbá, bí ẹni wa bá ń lọ sájò, ẹrù la fi ń ṣàdúrà fún un. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ti mú òróró àdúrà wá nínú ìgò onígíláàsì. Aládùúgbò mi mú róbó wá. Àbúrò mi tó wà ní Apete fi ọlọ́kadà rán odindi ike ata díndín, ó ní òun gbọ́ pé wọn kì í jata lọ́hùn-ún.

"Mọ́mì," ni Kọ́lá wí, "ohunkóhun tí kò bá lè ṣe iṣẹ́ méjì, ẹ jẹ́ kó dúró sílé. Èjìká yín ni gbogbo rẹ̀ máa jókòó lé."

Ìrọ̀rí dúró sílé. Ìgò òróró dúró sílé, mo da díẹ̀ sínú ike kékeré nítorí ojú àwọn tó fún mi. Ìkòkò irin dúró sílé. Kọ́lá gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi kù bí ọmọ ìka, mo wò ó níran. Ìgbà tó kan ìró àńkárá mi ni mo tó gbá a lọ́wọ́.

"Ìró lórí òkè, Mọ́mì?"

"Iṣẹ́ mélòó lo ní kí nǹkan ṣe?"

"Méjì."

"Mo lè fi bora. Mo lè fi nura. Mo lè ta á bí aṣọ ìkélé kí n pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo lè fi ṣe òṣùká. Mo fi irú rẹ̀ pọn Gbénga títí ó fi rìn. Ìwọ ṣáà máa kà á lọ."

Ó ká ìró náà, ó dá a padà sínú báàgì.

Ti oúnjẹ, èmi ni mo kọ́ wọn. Iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo sá ẹ̀fọ́ títí ó fi ń ya bíi bébà. Mo se ẹ̀wà, mo sá a, ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Mo gún ẹja gbígbẹ pọ̀ mọ́ ata àbúrò mi. Kọ́lá ń fi oúnjẹ òyìnbó inú ọ̀rá hàn mí, pé kò nílò iná, omi tútù ló ń fẹ́. Mo ní àwọn baba wa ti ń jẹ ẹ, gààrí ni wọ́n ń pè é.

Báàgì àti àgọ́ mi, Dùgbẹ̀ ni mo ti rí wọn, níbi tí wọ́n ti ń ta okirika. Àgọ́ náà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó tà á fún mi tún un gbé sọ́wọ́, tó ní bóyá wọ́n ti jí nǹkan kan yọ nínú rẹ̀. Kò sóhun tó dín, aṣọ rẹ̀ àti òpó rẹ̀ pé.

Ìṣòro kan ṣoṣo tí mo ní ni ibi tí màá ti máa fi ẹrù rírù kọ́ ara mi. Mo di omi inú ọ̀rá sínú báàgì, mo gbé e pọ̀n, mo forí lé Àgbowó. Mi ò tíì jìnnà tí ẹnì kan fi sáré bá mi: "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e." Mo ní má ṣe ìyọnu. Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní òun ò ní gba kọ́bọ̀. Obìnrin kan tí mo kọ́ nílé-ìwé nígbà kan kúnlẹ̀ sójú títì, ó di okùn báàgì mú, ó ní wọ́n á bá òun wí nílé bí òun bá fi mí sílẹ̀. Ní Ìbàdàn, àgbàlagbà kò lè ru ẹrù kí ó sì dé ibi tó ń lọ. Nígbà tó yá, etí omi Ẹlẹ́yẹlé ni mo ń lọ láàárọ̀ kùtù, níbi tí àwọn apẹja ti ní ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe.

Hàjíà

Mi ò ní fi ọ̀nà jíjìn dá yín lágara. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń yí gun òkè náà bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, àti pé ní ìyípo kan, òtútù á wọlé bí ẹni pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn. Nàìjíríà ni, ṣùgbọ́n èéfín ń jáde lẹ́nu mi. Ní Gembu, ìlú tó wà lókè níbẹ̀, igi gíga tí ewé rẹ̀ ń ta sánsán bí ìpara tí a fi ń pa àyà ọmọ tí òtútù mú ló wà níbi gbogbo. Koríko tútù bo àwọn òkè títí ojú ò fi lè rí i mọ́, màlúù wà lára wọn, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Mo dúró, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó jẹ́ kí n fi ojú mi rí i.

Àwa mẹ́rin la ti Ìbàdàn lọ: èmi, Kọ́lá, Dáre tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, àti Mujìdát tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Dùgbẹ̀. Ọmọ ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Bello ló ń fọ̀nà hàn wá. Bó ṣe rí mi ló tẹrí ba, ó kí mi káàbọ̀: "Sannu da zuwa, Hàjíà." Ọmọ Áńgílíkà paraku ni mí, ṣùgbọ́n ní Mambílà, Hàjíà ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Mujìdát ní, "Àwa ń tọ́jú owó Mẹ́kà látọdúnmọ́dún, Mọ́mì kàn gun òkè, wọ́n ti gba oyè Hàjíà tiwọn."

Mo ti máa ń rò pé kò sẹ́ni tó mọ ìkíni bíi tiwa. Àwọn Fúlàní ibẹ̀ yí èrò mi padà. Wọ́n á kí ẹ, wọ́n á kí òtútù ara rẹ, wọ́n á kí àárẹ̀ rẹ, wọ́n á kí àwọn ará ilé tí o fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọn ò sì ní tẹjú mọ́ ọ. Mo rí ìyá arúgbó kan níwájú ilé, mo kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ìyá náà rò pé orúnkún ló ń dùn mí. Ó sáré gbé àpótí wá kí n jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ mi. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé, mo kúkú jókòó.

Ó ti mọ́ mi lára

Òkè tí a fẹ́ gùn, kò sí èyí tó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Bello sọ pé ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ kan ni òkè ikú. Èyí kò sí lára ohun tí mo sọ fún Gbénga.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, Dáre rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Mọ́mì, ẹ gbé àgọ́ yẹn wá."

"Àgọ́ mi ni."

"Mo mọ̀, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn bá rí wa báyìí, tí ẹ̀yin ń ru ẹrù tí àwa ń wò, kí ni wọ́n máa sọ?"

"Dáre, màlúù nìkan ló wà níbí."

"Ọlọ́run ń wò wá, Mọ́mì."

Mo ṣàlàyé àdéhùn èmi àti Gbénga fún gbogbo wọn. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n ní "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ rí mọ irú "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" yẹn.

Òkè ná mi dáadáa láàárọ̀ yẹn. Èjìká ń ta mí, itan ń gbọ̀n, mo sì ń sọ fún ara mi pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní ọ̀sán a dúró létí odò kékeré kan, a jẹ gààrí pẹ̀lú kúlíkúlí, mo sì lọ fọ ojú àti ẹsẹ̀ mi lẹ́yìn àpáta. Nígbà tí mo padà dé, Kọ́lá ti di báàgì mi, ó sì fi ọ̀wọ̀ gbé e kọ́ mi léjìká.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ bó ṣe fúyẹ́. Mo rìn bí ọmọge. Mo sọ fún Mujìdát pé ohun tí Kọ́lá ń wí lòótọ́ ni, pé ẹrù máa ń mọ́ èèyàn lára. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin. Mujìdát ń dáhùn, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì," kò sì wojú mi. Mo rò pé ó ń jowú okun mi ni.

Òpó wà, ilé ò sí

Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin àti Bello ṣíwájú láti lọ wá ibi tí a óò pàgọ́ sí. Mujìdát fẹ́ kírun Alásárì, mo sì dúró tì í. Ojú ọ̀run mọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kó tó sálámà, kùrukùru ti dé. Kò wá láti òkè bí òjò. Láti inú àfonífojì nísàlẹ̀ ló ti gòkè wá. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mo na ọwọ́ mi síwájú, mi ò rí ìka mi dáadáa.

Mujìdát ní ká sáré tẹ̀lé wọn. Mo ní rárá. Bello ti kìlọ̀ láàárọ̀ pé bí kùrukùru bá bò wá, ibi tí a bá wà ni ká jókòó sí, torí àfonífojì wà lápá ọ̀tún. "Kí ni ìwọ ń bẹ̀rù?" ni mo wí. "Àgọ́ wa wà lẹ́yìn mi. A ó pa á, a ó wọ inú rẹ̀, wọn ó wá bá wa."

Èmi àti Mujìdát la jọ fẹ́ sùn nínú àgọ́ yẹn. Mo tú báàgì. Òpó àgọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe dì í. Aṣọ àgọ́ ò sí. Àpò tí mo ń wọ̀ sùn ò sí. Ìgò omi mi ò sí, abọ́ mi ò sí. Ìró, aṣọ òjò, Bíbélì kékeré, ike òróró, ata díndín díẹ̀ àti gààrí ló kù.

"Mujìdát, níbo ni ilé mi wà?"

Ó bú sẹ́kún. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Bọ̀ọ̀dá Dáre ló mú àgọ́. Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá mú àpò tí ẹ fi ń sùn. Èmi ni mo mú omi àti abọ́ yín. A ò lè máa wò yín ni. Wọ́n ní ẹ ò ní mọ̀."

Mo ní kó gbé sítóòfù jáde, ká ṣe omi gbóná. Ó gbé e jáde. Gáàsì wà lọ́wọ́ Kọ́lá. Mo ní kó wọ súẹ́tà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún sí i: kí ẹrù mi lè ráyè nínú báàgì rẹ̀, ó ti kó súẹ́tà àti aṣọ òjò tirẹ̀ fún Dáre.

Ìgbà yẹn ni mo fọwọ́ kàn án. Òógùn ẹrù onílọ́po méjì ti rin aṣọ rẹ̀ gbindin, kùrukùru sì ti sọ òógùn náà di omi tútù. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ara tèmi gbẹ, torí mi ò gbé nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí gidi, kì í ṣe ẹ̀rù Akobo. Ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ kú sí mi lọ́wọ́ nítorí pé ó ní ẹ̀kọ́ ilé.

Mo bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, mo fi súẹ́tà mi wọ̀ ọ́, mo wé ìró mọ́ ọn láti ọrùn dé ẹsẹ̀ bí mo ṣe ń wé ọmọ tuntun. Mo tẹ òpó àgọ́ méjèèjì wọ inú ilẹ̀, mo na aṣọ òjò mi lé wọn, mo fi okùn báàgì so ó, a sì ká ara wa jọ sábẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó máa jẹ gààrí gbígbẹ, ẹ̀kúnwọ́ lẹ́yìn ẹ̀kúnwọ́, kí ara rẹ̀ lè rí nǹkan fi dáná. Mo gbá a mọ́ àyà. Mo fọn fèrè tó wà lára báàgì, mo sinmi, mo tún fọn ọ́n.

"Mọ́mì, ẹ ò bínú sí mi?"

"Mo ń bínú. Jẹ gààrí ẹ."

Dija

Obìnrin kan ló gbọ́ fèrè wa. Ó ń kó àwọn ọmọ màlúù wálé ni. Ó kọ́kọ́ jáde bí òjìji nínú kùrukùru, ó wo òpó àti aṣọ òjò wa, ó wo Mujìdát tó wà nínú àńkárá, ó sì kí wa. Ó kí wa tán pérépéré, òtútù, àárẹ̀, ará ilé, kó tó juwọ́ pé ká tẹ̀ lé òun. Orúkọ rẹ̀ ni Dija.

Bí mo ṣe gbé báàgì mi àti ti Mujìdát, ó wò mí, kò sì na ọwọ́. Ọwọ́ Mujìdát ló dì mú, torí Mujìdát ló ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Láti Bódìjà dé Mambílà, òun lẹni àkọ́kọ́ tó wò wá dáadáa kó tó mọ ẹni tó yẹ kó ràn lọ́wọ́.

Ahéré rẹ̀ rí roboto, iná igi wà láàárín rẹ̀. Ó fún wa ní wàrà gbígbóná nínú igbá, lẹ́yìn náà tùwó àgbàdo pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé tí ó ń yọ̀ díẹ̀. Mo fi ata àbúrò mi kún tèmi, mo fi lọ̀ ọ́. Ó tọ́ ọ wò, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tún na igbá. Kò gbọ́ Yorùbá, mi ò gbọ́ Fúlàní, a sì sọ̀rọ̀ dáadáa. Nígbà tí Mujìdát dẹ́kun gbígbọ̀n tó sì béèrè bóyá tùwó ṣì kù, èmi náà sunkún díẹ̀, mo ní èéfín ni.

Ẹ dìde

Ní òwúrọ̀, ojú ọ̀run mọ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọkọ Dija lọ wá àwọn tiwa. Wọ́n ti ń wá wa kiri, ojú wọn pọ́n. Bí Kọ́lá àti Dáre ṣe rí mi ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ sínú koríko tútù, báàgì lẹ́yìn wọn.

Mo jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ bọ̀wọ̀ fún mi débi tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọmọ yìí di òkú," ni mo wí. "Ẹni tí ẹ bá gba ilé tó gbé sẹ́yìn, ẹ ti sọ ọ́ di aláìnílé. Ẹ dìde, ẹ kó nǹkan mi fún mi."

Wọ́n kó o. Aṣọ àgọ́, àpò ìsùn, gáàsì. Mo di wọ́n fúnra mi, mo gbé e pọ̀n, ó sì wúwo bó ṣe yẹ kó wúwo. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gun òkè ikú dé orí. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́ gbé gèlè mi, Kamẹrúùnù wà lápá kan, Nàìjíríà lápá kejì. Dáre wà lẹ́yìn mi ní gbogbo ọ̀nà, ó ń gbá ọwọ́ ara rẹ̀ kó má baà nà án sí báàgì mi. Mo gbé báàgì náà sọ̀ kalẹ̀ bákan náà.

Ní Gembu, fóònù rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo pe Gbénga. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì bu iyọ̀ sí i: wọ́n bá mi gbé e ní ọ̀sán ọjọ́ kan. "Ẹ máa bọ̀, Mọ́mì," ni gbogbo ohun tó wí.

Mujìdát ń wò mí. "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ sọ fún wọn? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Èmi mọ̀. Mi ò lè fi irọ́ gba ilé kí n tún máa sùn nínú ẹ̀."

Ibi tí ọ̀nà ti yà

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìwó Road la sọ̀ sí. Gbénga ti gbé ọkọ̀ wá dúró dè mí níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì wo báàgì. Mo gbé e sórí ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀.

A ń lọ. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Mọ́mì, ọmọbìnrin yẹn. Bí ẹ ò bá jókòó tì í ńkọ́?"

"Ì bá ṣòro."

A dé ibi tí ọ̀nà Akobo ti yà kúrò lára ọ̀nà Bódìjà. Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárìn, mi ò sì bẹ̀ ẹ́. Ó yà sí ọ̀nà Bódìjà.

"Ìyàwó mi fẹ́ máa ránṣọ nínú yàrá tí mo kùn yẹn," ló wí.

Níwájú ilé, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń wá bí màá ṣe gbé báàgì kọ́ èjìká. Gbénga sáré yí ọkọ̀ po wá sọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé ara okùn báàgì kó tó rántí. Ó fa ọwọ́ náà padà, ó sì lọ ṣí géètì fún mi.